Ọ̀rẹ́ wa ń ṣe opó lọ́wọ́, ẹnì kan nínú wa wá ń fi ọ̀rọ̀ gún un lára

Ọmọ Alárè:
Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣọ̀rẹ́ látilé ìwé n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, ẹgbẹ́ kan náà la sì wà tá a jọ máa ń jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá yìí ni ọkọ ọ̀kan nínú wa kú lójijì, Mùsùlùmí ni wọ́n, ó ń ṣe opó lọ́wọ́, kò sì ní tíì parí ẹ̀ nígbà Iléyá. Wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ sórí WhatsApp, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ò ní lè jáde lọ́dún yìí. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀rẹ́ wa kejì sọ? "Ṣé ìwọ nìkan lọkọ kú fún ni? Tá a bá ń sunkún à á máa ríran, má ba ayẹyẹ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́." Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ o! Èmi nìkan ni mo ní kò dáa, ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, àwọn tó kù ò sọ nǹkan kan. Mo lọ wo opó yìí lálẹ́, ìkọ́kọrẹ́ tí ará ilé gbé fún un ti tutù sórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣì ń kà lórí fóònù, ó wá ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ lòun ń ba inú àwọn èèyàn jẹ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí náà ti ṣoore fún mi rí, mi ò fẹ́ kó dìjà. Báwo ni kí n ṣe bá a sọ ọ́?

Alhaja Ìmọ́wọ́:
Ọmọ mi, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni Kùránì sọ fún opó, ó wà nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ̀ 234. Kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, kò gbọ́dọ̀ fi lọ́fínńdà, aṣọ ẹgbẹ́ wo ló fẹ́ wọ̀? Gúrúùpù ló ti bú u, gúrúùpù náà ni kó ti bẹ̀ ẹ́.

Rẹ́mọ Gidi:
Alhaja, ẹ má bínú o, tẹ́ ẹ bá tú u fó ní gbangba ó máa le sí i ni. Ẹ pè é sẹ́yìn kẹ́ ẹ bi í léèrè, àwọn mìíràn wà tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀rù ikú yẹn gan-an ló ń bà wọ́n.

Ìyá Ìbejì Odògbolu:
Ẹ̀rù kọ́ jàre. Èmi náà ti ṣe opó rí. Àwọn tó rí ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n dákẹ́, àwọn yẹn ló dùn mí jù. Bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀ ní ìwọ nìkan, sọ ọ́ ṣàkó pé ohun tó sọ burú, má fi ṣe àwàdà, má sì jẹ́ kó fi oore àtijọ́ pa ẹ́ lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ opó ni kó o kọ́kọ́ padà sí. Má bi í pé kí ló fẹ́, kò ní mọ̀. Bá a mú àwọn ọmọ lọ síléèwé, bá a ṣí ṣọ́ọ̀bù, jókòó tì í títí yóò fi jẹun. Tó bá sì ń dárúkọ ọkọ ẹ̀, jẹ́ kó sọ ọ́, má yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọmọ Alárè:
Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Mo ti pe ẹnì kejì, ó ní kí n wá lẹ́yìn ìrun àsárì. Ọ̀dọ̀ opó ni mo ń lọ báyìí, àwọn ọmọ ẹ̀ ti fẹ́ jáde níléèwé. Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi pe ìyá ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin lẹ jọ mọ ara yín, kí wọ́n dá sí ti gúrúùpù yẹn.