Ìyeré ti ń wọ́n l'Ábẹ́òkúta o, ṣé kóró àtọwọ́dá inú láàbù lè gbà á là?

Ọmọ Alágbo Ìtòkú
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Màmá mi ń ta èròjà àgbo ní Ìtòkú, èmi ni mo máa ń bá wọn jókòó lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń kó ìyeré wá fún wọn, àpò ló máa ń gbé tẹ́lẹ̀, báyìí ọ̀rá kékeré kan ló ń mú wá, ó ní àwọn tó ń ká a kì í gùn mọ́, wọ́n á kàn gé ìtàkùn náà láti ìdí kí gbogbo ẹ̀ lè wó wálẹ̀. Mo gé ọ̀pá ẹ̀ mẹ́fà gbìn sẹ́yìnkùlé wa ní Kámpù, márùn-ún ti gbẹ, ìkẹfà kàn ń wò mí ni. Ẹnì kan wá ní wọ́n ń fi tissue culture ṣe é, ìyẹn kí wọ́n tọ́ ègé kékeré lára ewéko nínú ìgò kó lè di ewéko tuntun, pé wọ́n tiẹ̀ ń ṣe kóró àtọwọ́dá téèyàn lè kó sí fíríìjì. Òótọ́ ni àbí ìtàn? Ṣé mo lè rà á kí n kàn rì í mọ́lẹ̀?

Aláàbù
Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe kóró tó tinú òdòdó wá. Wọ́n á gé oríkèé kékeré tó ní ojú lára ewéko náà, kò ju mílímítà mẹ́rin márùn-ún lọ, wọ́n á pò ó mọ́ sodium alginate, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń rí lára ewéko inú òkun, ó máa ń yọ̀ bí ewédú. Wọ́n á wá máa kán an sínú omi calcium chloride, irú iyọ̀ kan, bí ìgbà téèyàn ń da àkàrà sépo, bó ṣe ń kàn án ló ń le. Ká sọ bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ róbótó. Èmi ti gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rí, ó mọ́ gaara, èèyàn á máa rí ojú ewé tútù yẹn láàárín ẹ̀ bí ọmọ inú ẹyin ẹja.

Ti pé kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ tààrà, ẹ má dán an wò, yóò jẹrà. Inú ìgò tí kò ní kòkòrò ló ti kọ́kọ́ ń hù, lórí oúnjẹ ewéko tí àwọn onímọ̀ méjì, Murashige àti Skoog, gbé jáde ní 1962, ṣúgà gíráàmù 30 nínú lítà kan, agar tó ń mú un dì, pẹ̀lú họ́mọ́ònù ewéko. Tó bá ti ta gbòǹgbò, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ́ kó mọ oòrùn àti atẹ́gùn lára díẹ̀díẹ̀. Fíríìjì yẹn náà, kì í ṣe gbogbo ewéko ló gbà á, efínrín kì í fẹ́ òtútù rárá. Àti pé gbogbo ohun tó bá jáde lára ìyá kan, ìyá yẹn náà ni, àìsàn tó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn, torí náà igbó bíi mẹ́ta mẹ́rin ló yẹ kẹ́ ẹ ti mú un.

Àdùkẹ́ Onílé Ìdáná
Hmm, èmi dán an wò nílé o, mi ò ní parọ́. Ìkòkò pressure ni mo fi se ìgò, mo fi sípíríìtì nu tábìlì, mo fi bílíìsì fọ ewé, mo wọ ìbọ̀wọ́ bíi dókítà. Ọjọ́ kẹrin gbogbo ẹ̀ ti bu, funfun bí òwú. Ọkọ mi ní ṣé wàrà ni mò ń ṣe ni.

Aláàbù
Àdùkẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́ 😂 Ìdílé ìyeré ló burú bẹ́ẹ̀, bakitéríà máa ń wà nínú ọ̀pá ẹ̀ fúnra ẹ̀, bílíìsì kò lè dé ibẹ̀. Ata dúdú tó jẹ́ ìbátan ẹ̀ náà ń dààmú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá àwọn tó níṣẹ́ sọ̀rọ̀, NACGRAB wà ní Moor Plantation n'Ìbàdàn, ìtọ́jú irúgbìn niṣẹ́ wọn, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, sì wà nítòsí yín níbẹ̀.

Bàbá Ọ̀dẹdá
Ọmọ mi, kó o tó lọ kán ìlẹ̀kẹ̀, apá ibo lo gé? Ẹ̀ka tó ń so lo gé àbí ìtàkùn tó ń gun igi? Èyí tó fi gbòǹgbò wẹ́wẹ́ di igi mú lára oríkèé ni kó o gé, oríkèé mẹ́ta, kó o rì méjì mọ́lẹ̀, fi ọ̀rá bò ó, kó wà lábẹ́ ibòji. Oòrùn Kámpù yẹn ló pa márùn-ún o. Láàbù dára, torí bí igbó bá tán, ohun tó wà nínú ìgò ló kù, àmọ́ ìgò ò lè dá ta àgbo.

Ọmọ Alágbo Ìtòkú
Ẹ ṣé gan-an bàbá, ẹ̀ka tó ń so ni mo gé 🙈 Màmá ní kí n bi Aláàbù, ṣé ìyeré tí wọ́n tọ́ nínú ìgò á ta lẹ́nu?

Aláàbù
Bí ìyá ẹ̀ bá ń ta, á ta. Ẹ gbé ìkẹfà yẹn síbòji báyìí ná.