Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ajá cockapoo ni kí n mú fáwọn ọmọ, àbí labradoodle?

Ìyá Tèmi, Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti lé lọ́dún méjì táwọn ọmọ mi ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ajá. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ 7. Bàbá wọn ti gbà, èmi náà sì ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá ilé wa n'Íjẹ̀bú-Òde kò wọ pálọ̀ rí, ẹ̀yìnkùlé ni tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Tó bá ti súnmọ́ ajá aládùúgbò wa, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa sín, nígbà mìíràn mímí rẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ajá tí wọ́n bá ti fi ìran poodle bí, bíi cockapoo (cocker spaniel àti poodle) tàbí labradoodle (Labrador àti poodle), irun rẹ̀ kì í re, kò sì ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ilé wa kò tóbi, mo sì máa ń ṣiṣẹ́ òru lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo ti rí cockapoo kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń tà á ní òun á gbé e pàdé mi lójú ọ̀nà ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n Bọ́lá
Àbúrò mi, má pàdé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ra tèmi. Lọ́jọ́ karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ẹranko ní parvo ni, àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá. Ó kú mọ́ àwọn ọmọ mi lójú, mi ò tíì gbàgbé igbe wọn. Òfin ti wà ní England láti oṣù kẹrin 2020, Lucy's Law: alágbàtà kò gbọdọ̀ ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 6. Ibi tí wọ́n bí i sí ni kí o lọ, kí o rí i lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìyá Tèmi, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni ibi iṣẹ́ yẹn gbọ́ tán. Kì í ṣe irun gan-an ló ń dà ọmọ yín láàmú. Itọ́ ajá ni, àti awọ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ lára rẹ̀. Ajá tí irun rẹ̀ kì í re náà ní itọ́, ó ní awọ.

Ẹ wo bí labradoodle ṣe gbayì. Ní 1989, obìnrin kan ní Hawaii tí kò ríran fẹ́ ajá afinimọ̀nà, ṣùgbọ́n ara ọkọ rẹ̀ kò gba ajá. Wally Conron, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ ní Australia, mú Labrador àti poodle gùn, wọ́n bí ọmọ 3. Ó fi irun àti itọ́ wọn ránṣẹ́ sí ọkọ náà. Ẹyọ kan péré ni ara ọkùnrin yẹn gbà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà o! Nítorí náà, orúkọ ìran kọ́ ni kí ẹ rà, ajá kan pàtó ni. Ẹ kọ́kọ́ bá dókítà ọmọ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ọmọ jókòó ti ajá tí ẹ fẹ́ mú gan-an, kó tó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó sanwó.

Àǹtí Rẹ̀mí, Bradford
Òótọ́ ni. Èmi ní cockapoo, Tanímọ̀la, ó ti pé ọdún 5 lọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n irun tí kì í re yẹn, inú ara rẹ̀ ló ń lọ́ pọ̀ sí, á sì di dàda. Alaalẹ́ ni mo ń fi òòyà onírin yà á. Mo máa ń la irun náà bí ẹni fẹ́ di ṣùkú, títí màá fi rí awọ. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ abíyá, àti ibi tí okùn ọrùn ń há sí ló máa ń ta kókó jù. Ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ti tú kókó tán, omi á mú un le sí i ni. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ajá, owó ńlá sì ni.

Èyí tó wá kàn mí jù ni iṣẹ́ òru yín. Ọmọ ajá kò mọ̀ pé ẹ ò tíì sùn. Ta ni yóò máa gbé e jáde láti tọ̀ láàárọ̀ tí ẹ bá ti dùbúlẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Labradoodle ńlá ò bá ilé yín mu. Tó bá jẹ́ cockapoo, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ojú ìyá àti bàbá, torí àrùn tó ń fọ́ ajá lójú díẹ̀díẹ̀ wà nínú ìran méjèèjì, cocker spaniel àti poodle. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má fún un lọ́bẹ̀ wa o, májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá.

Ìyá Tèmi
Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti sọ fún ẹni Sátidé pé mi ò wá mọ́. Bàbá wọn ní òun á máa jí láago márùn-ún fún ìtọ̀ àárọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ ṣe é fún oṣù kan láìsí ajá, kí n rí i. Àǹtí Rẹ̀mí, ṣé a lè wá kí Tanímọ̀la?

Àǹtí Rẹ̀mí
Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò ní wẹ̀ ẹ́, kí ọmọ lè bá a bó ṣe rí gan-an.

Ìyá Tèmi
A ń bọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fi inhaler rẹ̀ sínú báàgì.