Fọ́ńtì wo ló gba àmì ìsàlẹ̀ lórí Amiga 1200?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ Amiga 1200 ni mò ń lò, pẹ̀lú Workbench 3.1 (ojú iṣẹ́ rẹ̀), ní Ìkòròdú níbí. Topaz 8, fọ́ńtì gíga píksẹ́lì 8 tó wà nínú ROM (ìrántí àbínibí ẹ̀rọ náà), kò ní ẹ, ọ, ṣ. Mo ya tèmi, àmọ́ ìlà píksẹ́lì kan péré ló kù lábẹ́ lẹ́tà, àmì wá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ní gíga píksẹ́lì 11, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n lórí ojú ẹ̀rọ 640×256, ìlà ọ̀rọ̀ 32 di 23. (Interlace, tó ń sọ ìlà ojú ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, ń ṣẹ́jú jù, ojú ò gbà á.) Mo ti ṣe FixFonts (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ fọ́ńtì tuntun); fọ́ńtì mi jáde nínú Screen Text (ti àkọlé àti mẹ́nù), kò jáde nínú System Default Text, tó ń fẹ́ lẹ́tà onífífẹ̀ kan náà, torí fífẹ̀ àwọn lẹ́tà rẹ̀ ò dọ́gba. Ṣé kí n sọ gbogbo rẹ̀ di píksẹ́lì 8 ní fífẹ̀, àbí ẹnìkan ní fọ́ńtì gíga píksẹ́lì 9 tó ṣeé kà? Ìyẹn á fún mi ní ìlà 28.