Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ tí ariwo ń dà láàmú, àti ọgbà ìṣeré

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Akúrẹ́ ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 7, ó ní autism, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbà gba nǹkan yàtọ̀ sí ti ọmọ mìíràn. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti dún báyìí, á di etí méjèèjì, á sì kó sábẹ́ tábìlì.

Nígbà Kérésì tó kọjá, a mú un lọ sí ọgbà ìṣeré kan. Ẹnu géètì la wà tí wọ́n fi tan spíkà. Ó wólẹ̀, ó ń ké, ó ń bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ìyá kan ní kí n nà án, pé àkẹ́bàjẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dọ́kàn.

Síbẹ̀, ó fẹ́ràn jangirọ́fà ju oúnjẹ lọ. Mo fẹ́ tún gbìyànjú láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí èrò tó dé. Mo ti ra ìbòtí tó ń dín ariwo kù, ó ń fi kọ́ra nílé. Àbí Òkè Ìdànrè ni ká kọ́kọ́ lọ? Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, àmọ́ àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe máa ń múra ọmọ sílẹ̀? Bí ariwo bá sì ká a mọ́ níbi tá a ti tò sórí ìlà ńkọ́?