Sẹ́ àbí ṣà? Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká lò fún fílítà àti sọ́ọ̀tù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá nínú àkójọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, pé ká máa pe fílítà (kí áàpù fi kìkì ohun tá a fẹ́ rí hàn wá) ní "sísẹ́", ká sì máa pe sọ́ọ̀tù (kí ó tò wọ́n tẹ̀ léra) ní "ìtò". Wọ́n ṣeun gan-an, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ sísẹ́ rárá.

Téèyàn bá sẹ́ ògì, èèrí ló kù sínú asẹ́, ewúrẹ́ ló sì ni ín, kì í padà sínú ògì mọ́. Fílítà inú kóòdù ò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú níbí l'Abẹ́òkúta ní ká bá òun kọ áàpù, a wá ní àtẹ kan tó ní irú aṣọ, àwọ̀, yáàdì àti iye owó, áàpù ti ka gbogbo ẹ̀ láti inú dátábéèsì, ibi tá a kó ìsọfúnni pa mọ́ sí, sínú mẹ́mórì. Nínú ADO.NET, irinṣẹ́ Microsoft tí áàpù fi ń bá dátábéèsì ṣiṣẹ́, DataTable ni àtẹ yẹn, DataView sì ni ojú tá a fi ń wò ó. RowFilter ni ibi tá a ti ń sọ ohun tá a fẹ́ rí. Tẹ́ ẹ bá kọ RowFilter = "awo = 'aro'", aṣọ aláró nìkan lẹ máa rí. Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n wà nínú DataTable níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ẹ sọ RowFilter dòfo báyìí, gbogbo wọn á yọjú padà. Kódà tẹ́ ẹ bá yí àwọ̀ ìlà kan padà sí pupa nígbà tí fílítà yẹn ṣì wà, ìlà náà á pòórá lójú yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ò pa á rẹ́ o! Ẹni tó bá gbọ́ "sẹ́" á rò pé ọjà ìyá ti sọnù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká lò "àṣàwò", bí àyẹ̀wò àti àtúnwò. A ṣà wọ́n, a wò wọ́n, kò sóhun tá a dà nù. Àwọn kan á ní a máa ń ṣa ẹ̀wà ká lè yọ òkúta, òótọ́ ni, àmọ́ "wò" tó tẹ̀ lé e ti tún un ṣe. Tẹ́nì kan bá sì ní ọ̀rọ̀ méjì la lẹ̀ pọ̀, "Ìwé ìròyìn" tó jáde n'Abẹ́òkúta níbí ní 1859 ńkọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀, a ṣì ń lò ó dòní.

Ti "ìtò", ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ wa kì í fàmì sọ́rọ̀ lórí fóònù, "ito" lásán sì lè di ìtọ̀ lójú ẹni tó ń kà á. "Ìtòlẹ́sẹẹsẹ" gùn díẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ní ṣini lọ́nà, lórí bọ́tìnnì "tò ó" nìkan á ti tó. Kí lẹ́sẹẹsẹ yẹn sì jẹ́ ti álífábẹ́ẹ̀tì tiwa o, torí tí kọ̀ǹpútà bá fi nọ́ńbà Unicode (nọ́ńbà tó fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀) nìkan tò ó, Ṣadé á bọ́ sẹ́yìn Yẹmí, nígbà tó jẹ́ pé Ṣ ló tẹ̀ lé S. Nínú JavaScript, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ áàpù, Intl.Collator('yo'), tó ń to ọ̀rọ̀ bí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, wà fún un, ẹ lò ó.

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ bá wa fi àṣàwò rọ́pò sísẹ́ nínú àkójọ yẹn kí àwọn tó ń kọ áàpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnnì.