Ìyá àgbà fẹ́ gúnyán lójú òfuurufú, ẹ bá mi dá sí i

Tíṣà_Kàbà:
Òkun o ẹ̀yin ará ilé. Mò ń kọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, pírámárì 3, ní Kàbà níbí, wọ́n á fi ṣeré níparí táàmù. Ọmọ méjì, ìyá àgbà wọn àti ewúrẹ́ kan ló wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí ibùdó tó ń yí ayé po lókè yẹn, International Space Station. Mo fẹ́ káwọn ọmọ rẹ́rìn-ín dọ́ba ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ parọ́ fún wọn, torí gbogbo ohun tí tíṣà bá sọ ni wọ́n máa ń gbé lọ sílé. Ibi tí mo wá há sí ni pé ìyá àgbà gbé odó àti ọmọ odó dání, ó ní òun ò lè máa jẹ búrẹ́dì tàárọ̀ talẹ́. Tó bá débẹ̀ tó fẹ́ gúnyán, kí ló máa ṣẹlẹ̀ gan-an? Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?

Ọmọ_Ìsánlú:
Òkun, Àǹtí. Ẹ̀rín ti wà níbẹ̀ ẹ ò tiẹ̀ ní láti wá a kiri. Gbogbo nǹkan ló ń léfòó nínú ibùdó yẹn, kì í ṣe pé òòfà ilẹ̀ ò dé ibẹ̀ o, nǹkan bí 400 kìlómítà péré ni sí ilẹ̀, òòfà wà níbẹ̀ dáadáa, ibùdó yẹn àtàwọn tó wà nínú ẹ̀ ló jọ ń já bọ́ yípo ayé láì balẹ̀, òun ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé wọn ò wúwo mọ́. Ní báyìí ìyá àgbà gbé ọmọ odó sókè, òun fúnra wọn á máa lọ sísàlẹ̀. Wọ́n bá fi gbogbo agbára gún un, odó á sá lọ sápá kan, àwọn náà á fò sókè, orí á gbá àjà gbàà! Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan di ẹsẹ̀ wọn mú kí èkejì gbá odó mọ́ra, síbẹ̀ gbogbo wọn á ṣì máa yí ni. Ọbẹ̀ náà ò ní dúró nínú abọ́ tí nǹkan bá ti gbá a, á dì rogodo rogodo, wọ́n á máa fi ẹnu lé e kiri. Òkèlè tó bá sọ nù, ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n lọ wò, ibẹ̀ làwọn tó ń gbébẹ̀ ti máa ń rí nǹkan wọn tó bá sọ nù.

Bàbá_Mopa:
Ìyá àgbà yẹn gbọ́n jù wá lọ jàre. Lọ́dún 1965 John Young, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Amẹ́ríkà, fi búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran há láàárín pamọ́ sápò wọ Gemini 3, ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sójú òfuurufú, wọn ò mọ̀ nílẹ̀. Ó yọ ọ́ jáde fún Gus Grissom, ọ̀gá ẹ̀ nínú ọkọ̀, ló bá di pé èérún ń fò kiri, kíá ni Grissom tì í bọ àpò, ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà! Èérún lè wọ ojú èèyàn, ó lè wọ inú ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ tortilla, oúnjẹ ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí kì í rún bíi búrẹ́dì, ni wọ́n ń jẹ dípò búrẹ́dì lónìí. Iyán wá ńkọ́? Iyán tó bá kúnná ò ní èérún rárá, ó lẹ̀ mọ́ra. Tíṣà, ẹ fi síbẹ̀ pé iyán ló dáa jù níbẹ̀, ẹ gún un sílẹ̀ ní Kàbà kẹ́ ẹ tó gbéra ni.

Ìyá_Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn pé gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bó ṣe rí gan-an. Ọmọdé ni wọ́n o! Ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Látìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìjàpá ti ń sọ̀rọ̀ nínú àlọ́ wa, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di òpùrọ́.

Tíṣà_Kàbà:
Òótọ́ lẹ sọ, Màmá, ewúrẹ́ á sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹ̀ á léfòó o! Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èèyàn rí, nínú Apollo 10, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó lọ yí òṣùpá po lọ́dún 1969, ọ̀kan ń fò kiri láàárín wọn, ohùn wọn wà lákọsílẹ̀ títí dòní, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbà pé tòun ni. Ewúrẹ́ mi náà ò ní gbà. Á ní "èmi kọ́, ẹ bi ìyá àgbà."

Ọmọ_Ìsánlú:
Hahaha, ìyẹn á pa wọ́n lẹ́rìn-ín! Ẹ fi èyí kún un. Bí ìṣẹ́jú 90 ni ibùdó yẹn fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, oòrùn á yọ bí ìgbà 16 láàárín wákàtí 24. Ìyá àgbà wa kò sì ní gbà kí oòrùn yọ kí ọmọ má kí òun. Ẹ wo ọmọkùnrin yẹn tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àyà ò kan ilẹ̀, ó ti yí po, ẹsẹ̀ ló wá kọjú sí àgbà! Kó tó tún ara ṣe, oòrùn mìíràn ti yọ.

Tíṣà_Kàbà:
Èyí ni màá fi bẹ̀rẹ̀ eré náà. Páálí la máa fi ṣe odó kó lè fúyẹ́, ọmọ méjì tó wọ aṣọ dúdú á máa gbé e kiri lẹ́yìn ìyá àgbà. Ẹni tó bá ní páálí fíríìjì nílé ní Kàbà níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sun ún o, mò ń bọ̀ wá gbà á.