Kí ló dé tí ara kòkòrò kò fi lè pa ọmọ agbọ́n tó wà nínú rẹ̀?

ÌyáÌbejì_Maryland: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo rí kòkòrò aláwọ̀ ewé kan lára tòmátò mi lẹ́yìnkùlé, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó ní ìwo pupa kékeré nídìí. Nǹkan funfun bíi hóró ìrẹsì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Aládùúgbò mi ní agbọ́n ló yé ẹyin sí i nínú. Bí ẹ̀gún bá wọ̀ wá lára, ibẹ̀ á wú, ara á fẹ́ tì í jáde. Ara kòkòrò yìí ńkọ́? Báwo ló ṣe gbà fún wọn?

Tíṣà_Báyọ́: Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Manduca sexta ni, kòkòrò ewé tábà àti tòmátò. Agbọ́n tó gún un ni Cotesia congregata, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Ohun funfun yẹn kì í ṣe ẹyin. Àwọn ọmọ agbọ́n ti lu awọ rẹ̀ jáde, wọ́n wá hun ilé sí i lẹ́yìn. Kò ní jẹ tòmátò yín mọ́.

Ara kòkòrò kì í gbà fún àjèjì lásán o. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á rọ́ bo ohun tó bá wọlé, wọn á lẹ̀ mọ́ ọn ní ìpele-ìpele, gbogbo rẹ̀ á dúdú, ohun náà á kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbọ́n yìí ń ṣe fáírọ́ọ̀sì nínú ilé ẹyin tirẹ̀! Bó bá ti gún kòkòrò, ẹyin, oró àti fáírọ́ọ̀sì ló jọ ń wọlé. Fáírọ́ọ̀sì náà kì í bí sí i níbẹ̀. Jíìnì agbọ́n, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe, ló ń gbé wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kòkòrò. Kò pẹ́, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn á ṣù rogodo, wọn kò ní lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù.

Ní 1981, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́rin, Edson, Vinson, Stoltz àti Summers, fi èyí hàn lára agbọ́n mìíràn, Campoletis sonorensis. Wọ́n fọ ẹyin rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fi sínú kòkòrò: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bò wọ́n pa. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì kún un: ẹyin yè.

Alágbàdo: Ṣé gbogbo agbọ́n bẹ́ẹ̀ ló lè borí gbogbo kòkòrò? Èyí tó ń jẹ inú pòròpórò àgbàdo ló ń dà mí láàmú.

Tíṣà_Báyọ́: Rárá o, bọ̀dá. Ní Kẹ́ńyà, Cotesia sesamiae ti apá Kitale ń yè nínú Busseola fusca, tó ń jẹ pòròpórò. Èyí tó wá láti Mombasa, irú agbọ́n kan náà, ẹyin tirẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kòkòrò ọ̀hún ń bò pa. Ẹ la pòròpórò kan, kí ẹ ya fọ́tò ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa.